Oúnjẹ Tí A Kò Jẹ, Ẹnu Ta Ló Bọ́ Sí? Ìtọ́sọ́nà fún Àwẹ̀ Lẹ́ńtì Nínú Párìṣì

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ Lẹ́ńtì ní párìṣì wa n'Íbàdàn, màmá àgbà kan tó ń ta ògì na ọwọ́ sókè níbi ìpàdé. A ti lo bíi wákàtí kan lórí aṣọ tí àwọn akọrin yóò wọ̀ àti ẹni tí yóò gbé àgbélébùú. Màmá ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní: "Oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ ò jẹ yẹn, ṣé alẹ́ lẹ fi ń san án ni, àbí ẹnìkan wà tó bá yín jẹ ẹ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Èmi fúnra mi mọ ohun tí mò ń ṣe bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù: àmàlà ọ̀sán àti ti alẹ́ lórí àwo kan náà, pẹ̀lú èlé.

Ọdún náà la yí ètò wa padà. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ síbí, fún ẹni tí wọ́n bá sọ pé kó darí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, fún olórí àdúgbò, àti fún katikíìsì tó wà ní ìjọ oko tí fadá kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Àwa Àgùdà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ará Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì tó bá rí ohun tó wúlò fún un níbẹ̀, kó mú un lọ, a ò ní bèèrè owó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú eérú

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, kì í dúró sójú kan, ọjọ́ tí Àjíǹde bá bọ́ sí ló ń tì í síwá sẹ́yìn. Ní 2026, ọjọ́ 18 oṣù Kejì ni, Àjíǹde sì jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Ní 2027, ọjọ́ 10 oṣù Kejì ni yóò jẹ́, Àjíǹde yóò sì bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Láti Ọjọ́rú Eléérú títí dé Àbámẹ́ta Mímọ́ jẹ́ ọjọ́ 46. Ẹ yọ ọjọ́ Àìkú mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀, nítorí a kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Olúwa, ogójì géérégé ló kù. Àwọn ọmọ katikísímù máa ń béèrè èyí lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí èsì wà lẹ́nu yín.

Ìgbìmọ̀ yín kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹnìkan láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan láti ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹnìkan láti ẹgbẹ́ àwọn baba, ọ̀dọ́ kan, ẹnìkan láti ẹgbẹ́ Fínsẹ́ǹtì Mímọ́ tó ń ran aláìní lọ́wọ́ bí ẹ bá ní in, àti nọ́ọ̀sì kan. Ẹ má ṣe gbàgbé nọ́ọ̀sì, mo máa sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ẹni mẹ́wàá ti tó. Bí wọ́n bá ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ ańkárá ni ìpàdé yóò já sí.

Ìwé orúkọ ló kọ́kọ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe eérú, kì í sì í ṣe orin. Ẹ ra ìwé kan tó ní èèpo líle fún orúkọ àwọn tí a ó ràn lọ́wọ́, kí ẹ fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́rin: orúkọ, ilé, ohun tó nílò, ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibi kẹrin yẹn ló ṣe kókó jù. Ẹni tí kò bá sí ẹnì kankan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí a kàn gbọ́ pé "ìyà ń jẹ ẹ́", a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò di ojúlùmọ̀ rẹ̀ kí a tó gbé àpò gàrí lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ta ni yóò júwe wọn fún yín? Kì í ṣe àwa tí a ń jókòó níwájú ní Mísà aago mẹ́jọ. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ létí títì. Ó mọ ẹni tó máa ń ra mẹ́rin tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń rà báyìí. Ẹ bi olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa ọmọ tí kì í jáde nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ jẹun. Ẹ tọ ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì lọ. Kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn kankan fún yín o. Ẹ kàn sọ fún un pé bí ẹnìkan bá wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìdajì páálí nítorí owó kò tó, kó júwe ilé párìṣì fún un, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ onítọ̀hún ni yóò gbé e wá. Ẹ má bèèrè ìjọ tí ẹnikẹ́ni ń lọ.

Ìwé yìí kò gbọdọ̀ wọ WhatsApp. Fadá àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ni kó máa rí i lódindi, olórí àdúgbò kan kò gbọdọ̀ rí ju ojú ewé tirẹ̀ lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, ọ̀kan nínú wa ya fọ́tò ojú ewé kan sí gúrúùpù ìgbìmọ̀, ó ní kó lè rọrùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ kan ti ń pè láti Èkó pé ta ló sọ fún àwa pé ebi ń pa bàbá òun. Oṣù méjì ni bàbá náà kò fi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ń di eérú

Ọjọ́ Àìkú méjì ṣáájú, ẹ kéde pé kí gbogbo ilé dá imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbà ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá padà. Ẹ ó rí i pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, ó wà lẹ́yìn àwòrán Ọkàn Mímọ́, ó wà nínú ọkọ̀ akérò. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kó o sínú ìkòkò irin tàbí garawa páànù níta gbangba, ẹ kó àwọn ọmọdé yí i ká, ẹ gbàdúrà díẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sí i láéláé. Ọ̀pẹ gbígbẹ kò nílò rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ, iwájú orí gbogbo ìjọ ni yóò máa rùn lọ́jọ́ kejì. Tí ó bá tutù pátá, ẹ gún un, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì gan-an ni. Ohun tó kù lórí asẹ́, ẹ tún un gún. Agolo mílíìkì kan máa ń tó wa fún Mísà mẹ́ta, nítorí náà ẹ má jó ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú omi. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú rí mọ̀ pé omi eérú ń ta, ó sì lè bó èèyàn lára. Nítorí náà ẹ má po eérú sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, ìwọ̀nba omi mímọ́ tí fadá bá wọ́n sí i ti tó. Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ bá gbé wá, kí ti iwájú orí rẹ̀ fúyẹ́.

Fadá tàbí díákónì ló ń súre sí eérú, ṣùgbọ́n katikíìsì àti àwọn mìíràn tí fadá bá yàn lè bá a fi sí àwọn èèyàn lórí. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà, ọ̀kan nínú wọn ni a ń sọ: "Rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́, ìwọ yóò sì padà di erùpẹ̀," tàbí "Ronú pìwà dà, kí o sì gba Ìyìn Rere gbọ́." Ẹ bu díẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó wà lórí àìsàn nílé. Àwọn ni a máa ń gbàgbé jù lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ ìtumọ̀ erùpẹ̀ jù wá lọ.

Fún àwọn akọrin: kò sí Halelúyà títí di alẹ́ Àjíǹde, kò sì sí Ògo fún Ọlọ́run Lókè àyàfi ní ọjọ́ àjọ̀dún bíi ti Jósẹ́fù Mímọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta. Ìlù lè sinmi díẹ̀. Kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Kóló

Ibí yìí ni ìbéèrè màmá ti rí ìdáhùn. Ilé kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ yóò ní kóló kan. Kò ní kí a lọ rà á, agolo Milo tó ti ṣófo, tí a lu ihò sí lórí, ti dára. Lọ́jọ́ àwẹ̀, ẹ ṣírò iye tí oúnjẹ tí ẹ kò jẹ ì bá ná yín, kí ẹ sì jù ú sínú kóló lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kí ẹ tó sùn. Bó bá di ọjọ́ kejì, owó náà ti bá ìrìn àjò lọ. Ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ni owó rẹ̀ wà, kó fi ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ párìṣì, kó kọ "Lẹ́ńtì" sí i kí akápò lè dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́rú Eléérú jẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ Ẹtì tó wà nínú Lẹ́ńtì pẹ̀lú Ẹtì Rere jẹ́ méje, àpapọ̀ mẹ́jọ. Ká ní oúnjẹ ọ̀sán ẹnìkan jẹ́ ₦2,000. Ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ ₦16,000. Bí ogójì èèyàn bá ṣe é, ₦640,000 nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yọ owó kankan tí kì bá ti fi jẹun tẹ́lẹ̀. Kò sí ìkórè, kò sí gbàgede ọrẹ, a ò pe ẹnikẹ́ni ní olóyè. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa. Ìwé kan tí Kristẹni kan kọ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì ti sọ fún aláàwẹ̀ pé kó ṣírò iye oúnjẹ tí ì bá jẹ lọ́jọ́ náà, kó sì fi fún opó tàbí ọmọ òrukàn.

Ẹ má dúró di Àjíǹde kí ẹ tó tú u. Ebi kì í wo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. A máa ń gba kóló ní Ọjọ́ Àìkú kẹta Lẹ́ńtì, a ó ná an lọ́sẹ̀ yẹn, a ó tún gbà á ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Ẹni méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà ni kó jọ kà á, kí wọ́n kọ iye rẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kí akọ̀wé kà á fún ìjọ: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye ilé tó dé. Orúkọ ẹnì kankan kò gbọdọ̀ jáde. Owó bánà kò sí nínú rẹ̀, owó aṣọ ìgbìmọ̀ kò sí nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ tiwa pàápàá kò sí nínú rẹ̀. Lórí èyí, mi ò ní àánú. Náírà kan tó bá bọ́ sí ọ̀nà mìíràn, kóló ọdún tó ń bọ̀ ti fọ́ nìyẹn.

Ta ló yẹ kó gbààwẹ̀, báwo sì ni

Òfin Ìjọ fúyẹ́ ju bí a ṣe ń rò lọ. Ẹni tó ti pé ọdún 14 ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran ní Ọjọ́rú Eléérú àti ní àwọn ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì. Àwẹ̀ gan-an, láti ọdún 18 títí èèyàn yóò fi pé 59 ni, ọjọ́ méjì péré ló sì jẹ́ dandan: Ọjọ́rú Eléérú àti Ẹtì Rere. Lọ́jọ́ méjèèjì, oúnjẹ àjẹyó kan, àti díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà méjì tí kò ní tó ti àjẹyó tí a bá pa wọ́n pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe, tí a kì í fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́ta tàbí mẹ́fà fún gbogbo ogójì ọjọ́, àfikún ìfọkànsìn ni. Ó dára fún ẹni tó lè ṣe é. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ẹlòmíràn.

Ìdí tí a fi ní nọ́ọ̀sì nínú ìgbìmọ̀ nìyí. Ọdún kan, bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ láìjẹun, ó sì tẹ̀ lé wa lọ sí Ọ̀nà Àgbélébùú, àdúrà tí a fi ń rántí ìjìyà Jésù láti ibi ìdúró kan dé òmíràn, nínú oòrùn. Ibi ìdúró kẹsàn-án, níbi tí Jésù ti ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, ló ṣubú sí. Àwa tó wà lẹ́yìn rò pé ó ń kúnlẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin kan tó ní mínírà aládùn lọ́wọ́. Látìgbà náà, nọ́ọ̀sì máa ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú eérú: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, aboyún, abiyamọ, ẹni tó ń lo oògùn tí kò gbọdọ̀ bọ́ sí ikùn òfìfo, kí wọ́n jẹun. Kí wọ́n wá nǹkan mìíràn yọ̀ǹda: ọtí, fíìmù òru, òfófó. Wọ́n lè ní kóló pẹ̀lú.

Ní ti ẹran: ẹja dára, ẹyin dára. Pọ̀nmọ́ ń kọ́? Ará màlúù ni, ẹ̀yin ará. Lọ́dọọdún ni ẹnìkan máa ń sọ fún mi pé awọ ni, pé kò ní adùn kankan. Bí kò bá ní adùn, kí ló dé tí ẹ kò lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ìgbín kò sí lára ẹran tí òfin kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìgbín ńláńlá mẹ́fà rọ́pò ẹyọ ẹran kan lọ́jọ́ Ẹtì, kó wo inú kóló rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà Àgbélébùú tí kì í ṣe kíkà lásán

Ibi ìdúró mẹ́rìnlá, lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti máa ń rí ni pé ẹnìkan yóò dúró síwájú, yóò máa kà á láti inú ìwé kan náà, àwa yóò máa kúnlẹ̀, a ó máa dìde, títí eékún àwọn àgbà yóò fi máa ké. Kò sóhun tó burú nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú èyí fún ọjọ́ Ẹtì méjì péré nínú Lẹ́ńtì.

Ẹ pín ibi ìdúró fún àwọn tí ó bá mu. Àwọn ọlọ́kadà ni a fún ní ẹ̀kẹta, ìṣubú àkọ́kọ́, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn ṣubú lójú títì kí èrò sì dúró máa wòran. Àwọn ìyá ọlọ́jà gba ẹ̀kẹjọ, àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù. Àwọn káfíńtà gba ìkọkànlá, níbi tí wọ́n ti kan Olúwa mọ́gi. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, káfíńtà kan gbé ìṣó kan sókè, ó sọ bó ṣe gùn tó, ó sì dákẹ́. Ìjọ dákẹ́ pẹ̀lú. Kò sí ìwàásù tó tó o ní ọdún yẹn.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ àṣàrò tirẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdajì ojú ewé lọ. Ohun mẹ́ta ni kó wà nínú rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó jọ ọ́ ní àdúgbò wa láìdárúkọ rẹ̀, àti ohun kan tí a ó ṣe kí ọjọ́ Ẹtì mìíràn tó dé. Bí àpẹẹrẹ, ní ibi ìdúró karùn-ún:

"Wọ́n fi ipá mú Símónì ará Kírénè. Ó ń ti ìgbèríko bọ̀ ni, kò mọ̀wọ̀n mọ̀wẹ̀ nínú ẹjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ń tọ́jú ìyá tí rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, méjì nínú wa yóò lọ jókòó ti ìyá kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ rẹ̀ lè lọ dirun."

Ẹ rí i pé kò sọ pé "ká fẹ́ràn ara wa." Bí ẹgbẹ́ kan bá mú irú ìyẹn wá, ẹ fi ìfẹ́ dá a padà fún wọn kí wọ́n tún un kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde sí òpópónà, ẹ yan ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì dúró sí orítá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé omi dání, ẹ sì gbé àga díẹ̀ sí ibi mẹ́ta fún àwọn àgbà. Gbohùngbohùn kékeré ti tó. Ará àdúgbò tí kì í ṣe ti wa kò ṣẹ̀ wá.

Àṣàrò láti ilé dé ilé

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan pàdé nílé ẹnìkan, kí wọ́n ka Ìyìn Rere Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wákàtí kan péré. Ẹni tó gbàlejò kò gbọdọ̀ gbé ju omi lọ kalẹ̀, èyí sì jẹ́ òfin. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ omi ni, lọ́sẹ̀ kejì ẹ̀pà bá omi wá, lọ́sẹ̀ kẹta mo dé ibì kan tí mo bá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja díndín. Opó tó yẹ kó gbà wá lálejò lọ́sẹ̀ kẹrin ránṣẹ́ pé ara òun kò yá.

Nínú Ọdún A ìwé kíkà Mísà, bíi 2026, ẹ ó ka obìnrin Samáríà ní Ọjọ́ Àìkú kẹta, ọkùnrin afọ́jú ní ìkẹrin, Lásárù ní ìkarùn-ún. Ẹ má bèèrè pé "Kí la rí kọ́?" Ìwàásù ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ẹni tó lẹ́nu jù ni yóò sì gba gbogbo àkókò. Ẹ bèèrè ohun tí èèyàn lè fi ojú rẹ̀ rí. Obìnrin náà wá pọn omi lọ́sàn-án gangan, ta ló máa ń wá síbi ẹ̀rọ omi wa nígbà tí ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀, kí ló dé? Nígbà tí afọ́jú ríran, àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò gbà pé òun ni, ta la ti kọ̀ láti gbà pé ó ti yí padà? Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Yóò dà bí wákàtí méjì, ẹ fara dà á.

Níbi tí fadá kò bá sí, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Kí àwọn fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, àwọn tó padà dé láti Brazil, tí orúkọ Àgùdà fi mọ́ wa lára títí dòní, ti ń pé jọ gbàdúrà. Ẹni tó ń darí wọn, tí wọ́n ń pè ní Padre (Fadá) Antonio, kì í ṣe àlùfáà rárá.

Gbígbé e dé ẹnu ọ̀nà

Méjìméjì ni kí ẹ máa lọ, nírọ̀lẹ́, láìwọ aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ má ya fọ́tò. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun fẹ́ rí ẹ̀rí. Ẹ fi rìsíìtì ọjà ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà. A gbé ìrẹsì lọ fún ìyá kan rí, ó dúpẹ́, ó súre. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ìrẹsì náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀: kò sí èédú, kò sí kẹrosíìnì, gáàsì kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Gàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà ì bá ti ṣe é lóore lọ́jọ́ kan náà. Nísinsìnyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ibi kẹrin inú ìwé wa, ẹni tó mọ onítọ̀hún, ló ń fọgbọ́n wádìí. Nígbà mìíràn oúnjẹ kọ́ ni wọ́n nílò. Ó lè jẹ́ owó iná, dígí ojú, tàbí ẹni tí yóò bá a ká páànù tó ń jò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìgbà tí Lẹ́ńtì bá ń parí ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé, nítorí náà àwọn káfíńtà tún ní iṣẹ́.

Bí ẹ bá ń san owó fún aláìsàn nílé ìwòsàn, ẹ lọ san án ní ojú ibi tí wọ́n ti ń gbowó, kí ẹ gba rìsíìtì. Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n bíi ti Agodi ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n lè gbà wọlé kí ẹ tó náwó. Ọṣẹ, bàtà sílípáàsì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kì í fa àríyànjiyàn bíi oúnjẹ sísè.

Ìjẹ́wọ́

Ẹ má jẹ́ kó di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Kí fadá pe àwọn fadá párìṣì ìtòsí mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ìrọ̀lẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí àga wọn jìnnà síra, kí ẹnìkan sì máa darin jẹ́ẹ́jẹ́ kí ohùn má baà dé etí ẹni tó wà lórí ìlà. Kí ìlà àwọn àgbà dá wà.

Aládùúgbò tó ń gba ààwẹ̀ tirẹ̀

Ní 2025, Rámádáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eléérú sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5. Ilẹ̀ wa ni èyí, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ mọ́sálásí tí àbúrò ń lọ Mísà, inú ìkòkò kan náà ni ọbẹ̀ sì ti ń jáde. Bí ìṣínu wọn bá bọ́ sí àkókò tí ẹ ń pín nǹkan, ẹ fi èso díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má sì fi gbohùngbohùn bá ìrun wọn jà. Orúkọ Mùsùlùmí mẹ́fà ló wà nínú ìwé wa lọ́dún yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló sì bá wa rí ọkọ̀ tí a fi kó gàrí.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, ẹ sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n tọ́jú imọ̀ wọn, eérú ọdún tó ń bọ̀ ni. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, bí ẹ bá ń yan ẹni tí fadá yóò wẹ ẹsẹ̀ wọn, ẹ wo ìwé orúkọ kí ẹ tó wo àwọn olóyè, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún ní ìkọ̀kọ̀, kó lè rọrùn fún un láti kọ̀. Owó tí a ń gbà ní Ẹtì Rere, ti Ilẹ̀ Mímọ́ ni káàkiri ayé. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti kóló.

Ọjọ́ yẹn kan náà, ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, àdúgbò àwọn tó padà dé láti Brazil, àti níbikíbi tí ọmọ wọn bá dé, wọ́n ń se frejon: ẹ̀wà tí a sè rọ̀, tí a lọ̀, tí a fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n sì ń gbé e ká ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ kan tí párìṣì lè jọ sè lọ́jọ́ náà láìrú òfin, mi ò rí èyí tó sàn jù ú lọ. Ẹ kọ́kọ́ bu ti àwọn tó wà nínú ìwé.

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àjíǹde, kí ìgbìmọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ka ìwé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àmì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ì tíì tán, kí ẹ sì fà á lé ẹgbẹ́ Fínsẹ́ǹtì Mímọ́ tàbí olórí àdúgbò lọ́wọ́, pẹ̀lú ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú owó. Ẹ ti ìwé mọ́ àpótí fadá. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ asẹ́ ògì tí ẹ fi sẹ́ eérú, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ti màmá ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọdún tó kọjá, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra ògì ló ń bi mí.